Ìbùjẹ Eyín Kan: Bí A Ṣe Ń Yan Bíìtì àti Ìwọ̀n Ìgé fún Pákó Pẹlẹbẹ

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní alẹ́ òní lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gé pákó pẹlẹbẹ, irú bíìtì wo ni kí a fi sí i lẹ́nu? Báwo ni kí bíìtì náà ti yára yí tó? Báwo ni kí ó ti yára rìn tó? Báwo ni kí ó sì ti jinlẹ̀ tó nínú igi? Kí n tó dáhùn ọ̀kankan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan fún yín. Àṣìṣe náà ni ó kọ́ mi ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Níbi tí mo ti ń kọ́ni ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra ẹ̀rọ ìgépákó kan, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CNC. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wà ní ọdún àṣekágbá rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà gé àga onípuláìwúùdù fún iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀. Puláìwúùdù náà nípọn tó mìlímítà 18. Ó fi bíìtì oníbùú mìlímítà 6, tí ó ní eyín méjì, sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Ó ní kí ó máa yí ní ìgbà 18,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì máa rìn ní mìlímítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kò pẹ́ rárá tí òórùn igi tí ń jó fi gba inú ilé iṣẹ́ kan. Mo sáré débẹ̀, mo pariwo pé, "Rọra o! Dín ìrìn rẹ̀ kù!" Ọmọ náà dáhùn pé, "Ó dára, sà," ó sì dín in kù sí 600. Èéfín tún pọ̀ sí i. Nígbà tí ó ṣe, a gbọ́ "kà!" Bíìtì ti kán. A fi èkejì sí i, òun náà kán. A fi ẹ̀kẹta sí i, ibi kan náà ni ó forí lé.

Inú bí mi. Mo sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní ìfarabalẹ̀, mo sì ní kí ó san owó bíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó san án, kò sì jiyàn. Àwa àgbà tí ó kù ní ẹ̀rọ náà ni kò dára, a fi tapólì bò ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún odidi sáà ẹ̀kọ́ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ìtàn yìí sí apá kan, nítorí n óò padà sí i.

Kí ni bíìtì ń ṣe gan-an nígbà tí ó bá ń gé igi? Ẹ jẹ́ kí a wo ìfági tí káfíńtà fi ń fá pákó. Gbogbo ẹni tí ó bá ti di ìfági mú rí mọ̀ pé bí abẹ rẹ̀ kò bá yọ síta tó, kò ní í fá nǹkan kan; yóò kàn máa yọ̀ lórí igi, yóò máa dán an bí ẹni ń fi aṣọ nu ún. Bí abẹ bá yọ jù, yóò há sínú igi, yóò sì fa igi ya. Àárín méjèèjì ni fífá wà. Bákan náà ni eyín bíìtì. Ìgbàkígbà tí eyín kan bá yí kan igi, ó gbọ́dọ̀ bu ìwọ̀n kan jẹ. Èyí ni mo ń pè ní ìbùjẹ eyín kan. Ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n ìbùjẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú iye ìgbà tí bíìtì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye eyín rẹ̀. Èsì rẹ̀ ni iye ìgbà tí eyín ń kan igi ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú gígùn ọ̀nà tí bíìtì rìn ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹ pín in sí iye ìgbà yẹn. Ohun tí ẹ bá rí ni ìbùjẹ eyín kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa wò ó. Ìyípo 18,000 lọ́nà eyín 2 jẹ́ 36,000. Bí a bá pín mìlímítà 1,000 sí ọ̀nà 36,000, ohun tí yóò kan eyín kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí mìlímítà 0.028 lọ. Ìwé kan ṣoṣo nínú irú ìwé tí a fi ń tẹ lẹ́tà nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 0.1. Ẹ ò rí i pé ohun tí a ní kí eyín náà bù jẹ kò nípọn tó ìdá mẹ́ta ìwé kan! Kò sí eyín tí ó mú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò ní í tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀ bí a bá wò ó dáadáa. Bí ìbùjẹ bá kéré ju títẹ̀ ẹnu eyín náà lọ, eyín kò ní í gé mọ́, ríra ni yóò máa ra igi. Ibi tí nǹkan bá sì ti ń ra nǹkan, ooru ni yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ooru yìí ni ọ̀tá bíìtì. Igi kì í gba ooru sára bí irin ti ń gbà á, nítorí náà bíìtì ni ooru ń padà sí. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè gbé ooru náà lọ ni èérún igi tí bíìtì ń gé sọnù. Bí èérún bá nípọn dáadáa, yóò gbé ooru dání bí ó ti ń fò lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹ̀ ni ó ń jáde, ìyẹ̀ kíkúnná bí ìyẹ̀rosùn inú ọpọ́n babaláwo, ẹ mọ̀ pé eyín kò jẹ igi mọ́, ó ń lọ̀ ọ́ ni. Oje àtè inú puláìwúùdù yóò yọ́, yóò lẹ̀ mọ́ eyín, eyín yóò kú, igi yóò dúdú, bíìtì yóò sì kán.

Ní báyìí, ẹ wo ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọ ọlọ́mọ. Ìbùjẹ 0.028 ni ó ń sun igi, mo ní kí ó dín ìrìn kù sí 600. Ẹ pín 600 sí ọ̀nà 36,000: mìlímítà 0.017 ni. Èmi fúnra mi ni mo fi igi kún iná. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣi òwe náà gbọ́. Ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìjáfara. Ẹ̀sọ̀ ni kí a fún ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i.

Kí ni ìwọ̀n tí ó tọ́? Fún bíìtì oníbùú mìlímítà 6 nínú puláìwúùdù, lórí ẹ̀rọ tí kò tóbi púpọ̀, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbùjẹ 0.12. Ẹ wá yí ìṣirò náà padà. Ìyípo 18,000, lọ́nà eyín 2, lọ́nà 0.12, jẹ́ mìlímítà 4,320 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ẹni yóò ta gìrì bí wọ́n bá gbọ́ iye yìí, nítorí ó ju ìlọ́po mẹ́rin ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa lò lọ.

Olóòtú wa béèrè lọ́wọ́ mi kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Bí ẹ̀rọ ẹni kò bá lè sáré tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ tiwa náà kò lè kọjá 3,000. Ọ̀nà méjì mìíràn ni ó wà. Èkíní, ẹ dín ìyípo kù: 12,000 lọ́nà 2 lọ́nà 0.12 jẹ́ 2,880. Èkejì, ẹ mú bíìtì eléyín kan: 12,000 lọ́nà 1 lọ́nà 0.12 jẹ́ 1,440. Ìbùjẹ kan náà ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì ṣe dín ìyípo kù láìní òpin o, nítorí irú mọ́tò wọ̀nyí máa ń pàdánù agbára bí ìyípo wọn bá lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ nípa iná mànàmáná, ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ìyípo náà ti ń wá. Iná ìlú wa ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá so mọ́tò olópòó méjì mọ́ ọn tààrà, 50 lọ́nà 60, kò lè ju 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ní àpótí kan tí ń yí iye yìí padà. Bí àpótí náà bá gbé e dé 200, ìyípo yóò jẹ́ 12,000. Bí ó bá gbé e dé 300, yóò jẹ́ 18,000. Bí ó bá dé 400, yóò jẹ́ 24,000, bí a bá fojú fo ìfàsẹ́yìn díẹ̀ tí ó máa ń wà. Ìmọ̀ inú kíláàsì nìyí, tí ó ń ṣiṣẹ́ lójú wa.

Ẹ má ṣe rò pé òmùgọ̀ nìkan ni ìbéèrè yìí ti dà láàmú. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Frederick W. Taylor lo ọdún 26 lórí ìdánwò gígé irin kí ó tó ka àbájáde rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún 1906. Ìyára wo ni kí a fi gé e, ìbùjẹ wo ni kí a fún un: ohun tí ó ń wá nìyẹn. Ní ọdún 1952, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgé-irin tí nọ́ńbà ń darí han gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń gbọ́ràn sí nọ́ńbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ nọ́ńbà tí ó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́. Ohun tí a bá sọ fún un ni yóò ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wo bíìtì fúnra rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni irin tí a fi ṣe é. Irin líle tí a fi ń ṣe bíìtì ìlùhò lásán kì í pẹ́ kú nínú puláìwúùdù àti MDF, nítorí àtè tí a fi lẹ̀ wọ́n le. Kábáìdì ni kí ẹ lò, èyí tí a fi tungsten ṣe. Ilé-iṣẹ́ Krupp ní ilẹ̀ Jámánì ni ó gbé e wọ ọjà ní àwọn ọdún 1920, wọ́n sì pè é ní Widia, èyí tí ó túmọ̀ sí "bíi dáyámọ́ǹdì". Ó le nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún gbẹ bí àwo tánganran. Bí ó bá bọ́ lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹnu rẹ̀ lè já. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní í tẹ̀, kíkán ni yóò kán.

Ohun kejì ni bí eyín náà ṣe lọ́. Irú kan wà tí eyín rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Irú kejì lọ́ bí okùn, ó sì ń fa èérún sókè jáde nínú ihò. Èyí dára púpọ̀ níbi tí ihò bá jìn, nítorí kò jẹ́ kí èérún há. Ìyà rẹ̀ ni pé ó máa ń hú ojú òkè puláìwúùdù ya, ó sì ń fẹ́ gbé pákó kúrò lórí tábìlì. Irú kẹta lọ́ sí òdì kejì, ó ń ti èérún sísàlẹ̀. Ojú òkè yóò dán, pákó yóò sì lẹ̀ mọ́ tábìlì, ṣùgbọ́n èérún yóò kún ojú ọ̀nà, ooru yóò sì pọ̀ bí a bá fi gé ihò jíjìn. Irú kẹrin da méjèèjì pọ̀: ìdí rẹ̀ ń fà sókè, òkè rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀, ojú méjèèjì pákó yóò sì dán. Bíìtì yìí ni ó yẹ puláìwúùdù oníyebíye àti pákó tí a lẹ fọ́míkà mọ́ lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà nínú rẹ̀. Bí apá tí ń fà sókè bá gùn tó mìlímítà 5, ìgé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jìn ju 5 lọ. Bí ẹ bá gé mìlímítà 3 péré, apá tí ń hú ojú òkè nìkan ni ó wọ inú igi, owó ńlá tí ẹ fi rà á ti ṣòfò.

Ohun kẹta ni ìbú àti gígùn. Bí irin bá yọ gbọọrọ láti inú ohun tí ó dì í mú, tí agbára kan sì tì í lórí, bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ìbú rẹ̀ bá dín kù sí ìdajì, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, bíìtì oníbùú 3 ń tẹ̀ ní ìlọ́po 16 ju ti oníbùú 6 lọ, bí gígùn wọn bá dọ́gba. Ẹ má ṣe lo bíìtì tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí èyí tí ó sanra lè kọjá, ẹ má sì jẹ́ kí ó yọ síta ju bí iṣẹ́ ti béèrè lọ. Kí ẹ tó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ nu inú kọ́lẹ́ẹ̀tì tí yóò dì í mú. Ìyẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti mú kí bíìtì máa yí gbágungbàgun, kí eyín kan sì máa ṣe iṣẹ́ eyín méjì.

Ní ti ìjìnlẹ̀, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí ìgé kan má jìn ju ìbú bíìtì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jìn ní ìlọ́po méjì ìbú, ẹ dín ìbùjẹ kù ní ìdá mẹ́rin kan. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ẹ dín in kù ní ìdajì. Lórí ẹ̀rọ kékeré, ìdajì ìbú ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Fún puláìwúùdù 18, mo máa ń gé e ní ìgbà mẹ́fà, mìlímítà 3.05 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè di 18.3, kí bíìtì lè kan pákó ìtẹ́lẹ̀ díẹ̀ láìbà á jẹ́.

Àwọn baba wa tí ń gbẹ́ ère mọ èyí kí ẹ̀rọ tó dé. Bí wọ́n bá gbé igi kalẹ̀, lílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ lé ọ̀nà, lẹ́yìn rẹ̀ ni àlétúnlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán, ìkẹyìn ni fínfín. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi lé ọ̀nà kọ́ ni wọ́n fi ń fín ojú àti ilà. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó di olóògbé ní ọdún 2009, jogún ní agbo ilé wọn kí ó tó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ gé pákó ku ìdajì mìlímítà sí ojú ìlà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gba ìdajì tí ó kù ní ìgbà kan ṣoṣo. Ẹ óò rí i bí etí rẹ̀ yóò ti dán.

Pákó kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Puláìwúùdù jẹ́ ìpele tín-ín-rín tí a lẹ̀ pọ̀, tí okùn igi ọ̀kan gba òró, tí ti èkejì gba ìbú. Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi ń tètè ya. Èyí tí a fi arère ṣe rọ̀, ó sì ń fẹ́ bíìtì mímú gan-an. MDF kò ní okùn igi, nítorí náà kì í ya bọ̀rọ̀, a sì lè fún un ní ìbùjẹ 0.15, ṣùgbọ́n ó ń tètè pa ẹnu bíìtì. Ọ̀tọ̀ ni ti ike bíi Perspex. Ooru díẹ̀ ni yóò yọ́ ọ, yóò sì tún dì mọ́ bíìtì bí àbẹ́là. Eyín kan ṣoṣo ni kí ẹ lò, irú èyí tí ń fa èérún sókè, kí ihò eyín rẹ̀ sì tóbi. Ìyípo 16,000 lọ́nà 1 lọ́nà 0.1 jẹ́ 1,600. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá èyí tí a dà sínú àpẹrẹ ni tàbí èyí tí a fi ẹ̀rọ tì jáde. Ti àkọ́kọ́ ń gé dáadáa, ti èkejì ń tètè yọ́. Ní ti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, bíìtì oníbùú 3, eléyín kan, ìbùjẹ 0.03: 16,000 lọ́nà 0.03 jẹ́ 480. Kí ìgé kan má ju ìdajì mìlímítà lọ, kí ẹ sì máa ta òróró ìgérin sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, wọn kì í ṣe òfin. Ìdánwò ni yóò sọ òdodo. Ẹ mú àfọ́kù pákó kan náà tí ẹ fẹ́ lò, ẹ fa ìlà márùn-ún sí i, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 300. Ẹ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìrìn tí ó yára ju ti ìṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ fi ojú wo etí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ mú èérún rẹ̀, ẹ fi etí gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀ ni ó ń jáde, tí etí igi sì dúdú, ìrìn ti lọ́ra jù. Bí mọ́tò bá ń kérora, tí etí igi sì rí págunpàgun, ó ti yá jù. Níbi tí èérún ti nípọn, tí ohùn sì lọ geere, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú pákó, irú bíìtì, ìyípo, ìrìn, ìjìnlẹ̀. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í tún fi owó ra ọgbọ́n tí ẹ ti rà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó parí. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí nọ́ńbà tí ó lè gba pákó tí a kò dè dáadáa. Ẹ fi ìdè àti ìdérí mú un mọ́ tábìlì, ẹ sì fi afárá kéékèèké sílẹ̀ láàrin ohun tí ẹ ń gé àti pákó tí ó yí i ká, kí ó má bàa fò jáde nígbà tí ó bá já. Èkejì ni iná tí ń lọ lójijì. Bí iná bá lọ láàrin iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yóò gbàgbé ibi tí ó wà. Ẹ sàmì sí orígun kan tí bíìtì kò ní í gé, kí ẹ lè tún fi ojú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀. Láti ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, ti ka ìyẹ̀ igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn náà fún ènìyàn. Bí ìbùjẹ bá ti kéré tó ni ìyẹ̀ ń kúnná tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó kúnná jù ni ó ń jìn jù lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Iná sì lè wà nínú èyí tí ó gbóná, kí ó máa jó lábẹ́lẹ̀ nínú àpò ìkóyẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ti ilé iṣẹ́. Ẹ bo imú, ẹ bo ojú, ẹ tú àpò ìyẹ̀ dànù kí ẹ tó lọ sílé.

Ó tó àkókò tí n óò padà sí ìtàn mi. Ní òpin sáà yẹn, mo jókòó ní ọ́fíìsì mi, mo ń múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nípa ìbùjẹ. Mo ń wá àpẹẹrẹ tí n óò fi ṣe ìṣirò, mo sì rántí iṣẹ́ ọmọ náà. Mo kọ 1,000 sílẹ̀, mo pín in. Mo kọ 600 sílẹ̀, mo pín in. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ìrìn rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ ní èyí tí ó pọ̀ tó? Nígbà tí ó sì ṣì wà ní etí bèbè, èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo tì í sínú kòtò, tí mo sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo pè é síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ojú gbogbo wọn ni mo ti dá a lẹ́bi. Mo kọ ìṣirò náà sí ojú pátákó, mo ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo sì ní, "Má bínú. Èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, sà. Kí á lọ ká tapólì." A lọ ká a. A fi bíìtì tuntun sí i, a fi ìyípo sí 12,000, a fi ìrìn sí 2,880. Èérún ń fò jáde bí ìyẹ́ adìyẹ, kò sí èéfín, kò sí òórùn. Bíìtì kan ṣoṣo náà ni ó gé àga rẹ̀ tán, nígbà tí a sì fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dúró, tí a ti pa iná rẹ̀, lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nìyí. Bí bíìtì bá kán, a lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a dá lẹ́bi ohun tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí a kò sì kọ́ ọ ní ìṣirò rẹ̀, lè pa iṣẹ́ náà tì títí ayé. Kí a tó sọ pé ẹ̀rọ kò dára, kí a tó sọ pé ọmọ kò gbọ́ràn, ẹ jẹ́ kí a mú pẹ́ńsù, kí a pín ìrìn sí ọ̀nà ìyípo àti eyín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ bá ní kí ẹ rọra, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, "Sà, mìlímítà mélòó ni yóò kan eyín kọ̀ọ̀kan?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Olóòtú wa, mo dá ọ̀rọ̀ padà sọ́wọ́ yín.